Bí A Ṣe Túfọ̀ Ẹni Tí Kò Kú

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì nílé ẹ̀kọ́ girama ní Adó-Èkìtì. Ẹ jí mi lójú oorun, n ó ya máàpù Áfíríkà sójú pátákó láì wo ìwé. Ṣùgbọ́n bí mo bá dé apá ìlà-oòrùn, níbi tí ilẹ̀ ti yọ ṣóńṣó sínú òkun bí ìwo, ọ̀rọ̀ mi kì í gùn. Sòmálíà: aṣálẹ̀, ràkúnmí, darandaran tí kì í gbé ojú kan, olè orí omi. Ó parí nìyẹn. Àwọn ọmọ á kọ ọ́ sílẹ̀, wọn á fi ṣe ìdánwò, èmi náà á sì fi bírò pupa mààkì rẹ̀ fún wọn. Ìgbà tí ọmọ Sòmálíà kan wá gba yàrá lẹ́yìnkùlé mi ni mo tó mọ̀ pé ohun tí mo mọ̀ nípa ilẹ̀ wọn kò tó nǹkan.

Opó ni mí, àwọn ọmọ mi sì ti tú ká sí Èkó àti Àbújá. Yàrá méjì tó wà lẹ́yìn ilé mi lójú ọ̀nà Ìjàn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni mo máa ń fi háyà fún. Ọmọkùnrin yìí ga, ó tín-ín-rín, ó sì máa ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìlú Kàtúúmù ló ti ń kọ́ iṣẹ́ dókítà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ogun lé wọn kúrò níbẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà ló sọ fún un pé yunifásítì wà ní Adó, pé ìlú náà tútù, kò sì sí ariwo. Kò pẹ́ tí gbogbo àdúgbò fi sọ ọ́ ní Sòmálíà. Àwọn ọlọ́kadà Fájuyì pàápàá á máa kígbe "Sòmálíà, ṣé ká lọ?", òun náà á sì máa dáhùn. Gẹ̀ẹ́sì la fi ń bára wa sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ìwọ̀nba Yorùbá tó gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Ìgèdè ló ń kọ́ ọ ní Yorùbá nígbàkúùgbà tó bá wá kí mi, nítorí náà "ulé" ló máa ń pe ilé, "uyán" ló sì máa ń pe iyán, bí ẹni tí wọ́n bí sí Ìgèdè.

Lọ́jọ́ tó dé, mo bi í ní ohun tí a máa ń bi àlejò. "Ọmọ ìlú wo ni ọ́?" Ó ní Sánáàgì. Mo ti yẹ máàpù ilẹ̀ wọn wò kí ó tó dé, mo ní ìyẹn kì í ṣe ìlú, ìpínlẹ̀ ni. "Ilé wo lo ti jáde níbẹ̀?" Ó tún ara ṣe lórí àga, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ: tirẹ̀, ti bàbá rẹ̀, ti bàbá bàbá rẹ̀, ó ń lọ, ó ń lọ. Mo kọ́kọ́ rò pé àdúrà ló ń gbà. Nígbà tó kọjá ogún orúkọ, ó dákẹ́, ó ní, "Ilé mi nìyẹn, Mọ́mì." Èmi tí mo ń pe ara mi ní ọmọ onílé, tí a bá ti kọjá bàbá tó bí bàbá mi àgbà, ó di kí n lọ béèrè. Mo bá gbé omi fún un.

Lẹ́yìn náà ni ó fi pẹ́ńsù ya Sánáàgì fún mi sẹ́yìn ìwé ìdánwò àwọn ọmọ tèmi. Ìlú wọn wà létí òkun gan-an, ilé olókùúta funfun mélòó kan, ibi tí wọ́n ń sá ẹja sí, ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń kó ewúrẹ́ lọ fún àwọn Lárúbáwá ní òdìkejì. Bí o bá kẹ́yìn sí òkun, ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gbẹ ló kọ́kọ́ wà, èyí tí wọ́n ń pè ní "ilẹ̀ jíjó" ní èdè wọn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òkè dìde lójijì bí ògiri. Mo ní òkè wo nínú aṣálẹ̀? Ó ní òkè tó ga ju gbogbo òkè Èkìtì lọ, tí igbó wà lórí rẹ̀, tí ìkùukùu máa ń bo, tí ẹni tó bá lọ síbẹ̀ á da aṣọ òtútù bora. Ìlú tó jẹ́ olú ìpínlẹ̀ náà, Ẹrigábò, òkè ló wà. Ó ní ara àpáta àwọn òkè náà ni igi tùràrí ti ń hù, wọ́n á fi ọ̀bẹ sá a lára, oje rẹ̀ á máa kán, á sì gbẹ.

Bàbá Hẹdimásítà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Aládùúgbò mi ni bàbá yìí, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, alàgbà sì ni nínú ìjọ wa. Ó ní, "Tùràrí wo? Tùràrí inú Bíbélì?" Ọmọ náà wọlé, ó mú díẹ̀ jáde nínú àpò rẹ̀, ó fi lé orí ẹ̀yinná. Bàbá dijú, ó fa òórùn náà símú títí. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó ti sọ fún gbogbo ìjọ pé òun ti gbóòórùn ẹ̀bùn tí àwọn amòye gbé wá fún Jésù, àti pé ará ìlú wọn ń gbé ní ẹ̀yìnkùlé mi.

Gbogbo èyí ló sọ fún mi, mo sì ṣe é ní nóòtì fún kíláàsì mi. Ohun kan ṣoṣo tí n kò béèrè ni ojú ọjọ́. Àwọn ọmọ fọ́ọ̀mù kìíní pàápàá mọ̀ pé bí a bá ti sọ ti ilẹ̀, a ó sọ ti àsìkò. N kò béèrè, òun náà kò sì rò pé ó yẹ kí òun sọ ọ́.

Bàbá rẹ̀ ti kú láti kékeré. Ìyá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kan ṣoṣo ló kù. Apẹja ni ẹ̀gbọ́n yìí, òun ló sì ń rán an nílé ìwé. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, tí ó bá ti ti mọ́ṣáláṣí dé, á pe ìyá rẹ̀. Á jókòó sórí àpáta tó wà lẹ́bàá kànga mi, á máa sọ̀rọ̀, á máa rẹ́rìn-ín. Ó ti fi fọ́tò ìyá náà hàn mí: obìnrin pẹ̀lẹ́bẹ́ kan tó dúró níwájú ilẹ̀kùn aláró, tó fi ọwọ́ ṣíji bojú nítorí oòrùn.

Ní oṣù Keje ọdún tó kọjá, ọjọ́ Jímọ̀ mẹ́ta tẹ̀ léra tí kò bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo bi í, ó ní nẹ́tíwọ̀kì ni. Kò sì dà bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Ọkàn tèmi ni kò balẹ̀. Mo jókòó lọ́sàn-án Sátidé, òjò ń rọ̀, mo tẹ orúkọ ìlú rẹ̀ sórí fóònù mi. Fídíò kan jáde. Ẹnì kan ń rìn láàárín ìlú, ó ń ya á bó ṣe ń lọ, ó ń sọ èdè tí n kò gbọ́. Kò sí èèyàn kankan. Gbogbo ilẹ̀kùn ni wọ́n tì. Atẹ́gùn ń gbá iyanrìn lu ògiri, àwọn ọkọ̀ ojú omi dojú dé sí etí òkun. Nígbà tó yà sí apá ọ̀tún, mo rí ilẹ̀kùn aláró náà. Òun náà wà ní títì.

Mo gbé e tọ Bàbá Hẹdimásítà lọ. Ó fi ìgò sójú, ó wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní bóyá òkun ló kún bò wọ́n, bóyá àjàkálẹ̀ àrùn ni, ṣùgbọ́n ohun yòówù kó jẹ́, ìlú kì í dédé ṣófo. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ̀rọ̀ tí mo ti mọ̀ pé yóò sọ: "Má fi han ọmọ náà. A ó jọ sọ ọ́ fún un bí a ṣe ń sọ irú rẹ̀."

Ó yẹ kí n kọ̀. Mo mọ bí a ṣe ń sọ irú rẹ̀. Ìgbà tí bàbá mi kú, mo wà nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Wọ́n rán ẹnì kan wá pé bàbá ní kí n wá, ara rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yá. Mo sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì, mo ra búrẹ́dì fún un nítorí ó fẹ́ràn rẹ̀, mo sì gbé búrẹ́dì náà wọ àárín èrò tó kún ilé wa. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ó ti kú. Ńṣe ni wọ́n ń wo búrẹ́dì ọwọ́ mi. Mo búra lọ́jọ́ náà pé n kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọmọ ẹnikẹ́ni láyé. Ṣùgbọ́n nígbà tó kàn mí, mo gbà pẹ̀lú Bàbá. Ẹ̀rù ló bà mí, n kò fẹ́ jẹ́ ẹni tí yóò yanu sọ ọ́.

Mo ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi ní Ìgèdè. Ó dé lọ́jọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìn, ó gún iyán, ó se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, nítorí a kì í túfọ̀ fún ẹni tí ebi ń pa. Èmi ni mo lọ gba fóònù ọmọ náà. Mo ní tèmi ti kú, kó yá mi ní tirẹ̀ kí n fi pe ọmọ mi ní Àbújá. Mo gbé e sínú dúrọ́ọ̀, kí ẹlòmíràn má baà lọ já ọ̀rọ̀ náà lù ú lójijì. Lẹ́yìn náà la pè é wá sí pálọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ọmọ mi, jẹun. Uyán rè é." Ó jẹun. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wò ó bó ṣe ń jẹ ẹ́. Bó ṣe ń ṣan ọwọ́ ni Bàbá Hẹdimásítà bẹ̀rẹ̀. Ó ti ibi ìṣẹ̀dá ayé bẹ̀rẹ̀, ó dé ọ̀dọ̀ Jóòbù, ó ní òun mọ̀ pé Jóòbù wà nínú ìwé tiwọn náà. Ó ní, "Ọmọ mi, ayé lọjà, ọ̀run nilé. Kò sẹ́ni tó ń sùn sọ́jà."

Ọmọ náà gbé ọwọ́ kúrò nínú omi. Ó yíjú sí mi. "Mọ́mì, ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú!" Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó ti tó oṣù mẹ́sàn-án tó ti ń gbé láàárín wa. Ó ti rí bí a ṣe ṣe é fún aládùúgbò wa kan lójú rẹ̀. Ó mọ ohun tó túmọ̀ sí bí àgbà mẹ́ta bá sọ lẹ́ẹ̀kan náà pé kò sẹ́ni tó kú.

"Ṣé ìyá mi ni?"

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ gèlè rẹ̀, ó ní, "Ọkùnrin ni ọ́. Ọkùnrin a máa mọ́kàn le." Ó tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà rọra ti orí àga sọ̀ kalẹ̀ sórí ilẹ̀, ó fi iwájú orí kan ilẹ̀, ó sì bú sẹ́kún.

Bí ọ̀kan nínú wa bá ti sọ pé "fídíò la rí, ìlú yín ló ṣófo", ọ̀rọ̀ ì bá parí lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbà tó ń túfọ̀ kì í la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, kì í sì í sọ ibi tó ti gbọ́ ọ. Òun rí ìdákẹ́ wa, ó gbà pé a mọ ohun tí a mọ̀. Àwa rí ẹkún rẹ̀, a gbà pé ọkàn rẹ̀ ti sọ fún un tẹ́lẹ̀. Bá a ṣe pa obìnrin tí a kò rí rí nìyẹn.

Mo dá fóònù rẹ̀ padà fún un. Ó pe ìyá rẹ̀, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò lọ. Ó ń tún un pè títí ilẹ̀ fi mọ́. Lọ́jọ́ Ajé, àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í wá kí i. Obìnrin tó ń ta àkàrà níwájú ilé wa wá, ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó ní ará á fẹ́ra kù. Àwọn ọlọ́kadà méjì wá láti Fájuyì. Ó ń dá gbogbo wọn lóhùn pẹ̀lú ìtẹríba. Kò jẹun. Mo rí i láti ojú fèrèsé mi tó ń kírun tó sì ń pẹ́ lórí ìforíkanlẹ̀, mo ní Ọlọ́run á tù ú nínú.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, n kò lè fara dà á mọ́. N kò sọ fún Bàbá, n kò sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀, mo jókòó ti ibùsùn rẹ̀, mo ní kó wo ohun tí a rí. Ó wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó tún un wò. Lẹ́yìn náà ló bi mí, ohùn rẹ̀ sì tutù, "Mọ́mì, oṣù wo la wà?"

"Oṣù Keje."

"Oṣù Keje." Ó wá ń ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọdé. Tí ó bá ti di oṣù Kẹfà, atẹ́gùn gbígbóná kan á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ sí etí òkun wọn, iyanrìn kò ní jẹ́ kéèyàn lajú, òkun á ru débi tí apẹja kankan ò ní lè wọ̀ ọ́. Gbogbo ìlú á dojú ọkọ̀ dé, wọ́n á tilẹ̀kùn, wọ́n á gun òkè lọ bá àwọn ẹbí wọn tó ń da ẹran, níbi tí òtútù wà. Ìgbà tí oṣù Kẹsàn-án bá dé ni wọ́n á tó sọ̀ kalẹ̀. Níbi tí wọ́n ń da ẹran sí lórí òkè náà, kò sí iná tí wọ́n á fi gba ṣáàjì sí fóònù. Ọdọọdún ni. Ọ̀dọ̀ bàbá ńlá wọn ni wọ́n ti bá a. Ẹni tó ya fídíò náà, ọlọ́dẹ tí wọ́n fi ṣọ́ ìlú ni, ó kàn ń bá àwọn ará ìlú tó wà lẹ́yìn odi ṣàwàdà ni.

Ó fi ìka kan ilẹ̀kùn aláró náà lójú fóònù. "Ẹ wo àgádágodo ìyá mi níbí. Bó bá ti kú, ta ló ti ilẹ̀kùn? Ṣé èyí nìkan lẹ rí?"

Mo ní èyí nìkan ni. Kò bú mi. Ì bá tiẹ̀ bú mi. Ó kàn yíjú sí ògiri. Olùkọ́ jọ́gíráfì ni mí, ojú sì tì mí dé egungun.

Síbẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ tán, nítorí ẹni tí wọ́n bá ti túfọ̀ fún kò rọrùn fún láti gbà pé irọ́ ni. Ọjọ́rú lọ́sàn-án ni fóònù rẹ̀ dún. Mo wà ní kànga, mo sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ohùn ọkùnrin kan ló ń jáde níbẹ̀, ó ń pariwo nínú atẹ́gùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ó ti lọ ra ṣúgà ní Ẹrigábò, ó gba ṣáàjì, ó wá rí iye ìgbà tí àbúrò rẹ̀ ti pè é. Ọmọ náà la ẹnu, kò lè sọ̀rọ̀. Ohùn náà ń pè é lórúkọ, ó ń pè é. Ó na fóònù sí mi. Èmi tí n kò gbọ́ Sòmálí bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, "Hẹ́lò! Hẹ́lò! Ó wà níbí o!" Ẹ̀rù ba ọkùnrin náà, ó gbé fóònù fún ìyá wọn tó bá a lọ sọ́jà. Lẹ́yìn náà ni ohùn obìnrin jáde. Ọmọ náà já fóònù gbà lọ́wọ́ mi, ó sì kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ olómi.

Inú gbogbo wa dùn. Bàbá Hẹdimásítà ní ẹni tí wọ́n bá túfọ̀ rẹ̀ tí kò kú, ẹ̀mí rẹ̀ á gùn ni, ó sì ń rìn káàkiri àdúgbò bí ẹni pé òun ló jí i dìde. Ẹ̀gbọ́n mi fi adìyẹ ránṣẹ́ láti Ìgèdè. Àwọn ọlọ́kadà ń kígbe "Sòmálíà, a bá ọ yọ̀!" Èmi náà rò pé ọ̀rọ̀ ti tán, àfi ti ìtìjú mi, ìyẹn sì tọ́ sí mi.

Ní Sátidé, mo ń bó àgbàdo tútù lẹ́yìn ilé ìdáná, ọmọ náà wá bá mi bó o. Ó wá ní, "Mọ́mì, mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Bàbá."

Mo ní kó máa wí.

"Lọ́jọ́ Ajé, mo bẹ Ọlọ́run. Mo ní bó bá jẹ́ dandan ni kí ọ̀kan kú nínú àwọn méjèèjì, kó jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, kó fi ìyá mi sílẹ̀ fún mi. Mo dárúkọ rẹ̀ fún Ọlọ́run. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Odindi ọjọ́ kan ni mo fi ń bẹ̀ ẹ́." Ó ju èèpo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Òun ló wá kọ́kọ́ pè mí."

Mo ní, "Èmi ni mo jẹ̀bi, ọmọ mi. Èmi ni mo fi ọ́ sínú rẹ̀. Jọ̀ọ́, má bínú." Ó ní òun ò bínú, ó ní a ò mọ̀ ni. Lẹ́yìn náà ó mú àgbàdo mìíràn.

Ó ṣì ń gbé lẹ́yìnkùlé mi. Oṣù Keje mìíràn ti wá, ó ti lọ. Nísinsìnyí, bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá pè é, kò ní kọ́kọ́ béèrè ìyá wọn mọ́. Àlàáfíà ẹ̀gbọ́n náà ni yóò kọ́kọ́ béèrè, ṣé ó ń sùn, ṣé ó ń jẹun, ṣé òkun ò ru jù, á sì tún un béèrè kí wọ́n tó parí ọ̀rọ̀. Ó ti kọ́ mi ní Sòmálí tó tó kí n fi gbọ́ ìyẹn. Ẹ̀gbọ́n náà máa ń rẹ́rìn-ín, á ní ṣé iṣẹ́ dókítà tí òun ń rán an kọ́ ló ń sọ ọ́ di ojo báyìí.